Ta Ló Kọ Orin Náà?

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Kúbwà ni mo ń gbé, ní agbègbè Àbújá, níbi tí ìwé ìròyìn Yorùbá kì í ti í pẹ́ lórí àtẹ. Bí mi ò bá tètè dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń tà á létí ibùdókọ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò ti ra ẹyọ kan tó kù, yóò sì ní kí n dúró títí òun yóò fi kà á tán. Orí àga ìyá ẹlẹ́kọ yìí ni mo ti ka àkójọ orin òde àríyá tí ẹ tẹ̀ jáde sí ojú ewé fàájì lóṣù tó kọjá, òun ló sì mú kí n kọ lẹ́tà yìí.

Nínú àkójọ náà ni ẹ ti dárúkọ orin Oleku, tó jáde ní ọdún 2010. Ẹ kọ orúkọ Ice Prince, olórin ráàpù tó ni orin náà, sí i, ẹ sì kọ ti Brymo, ọmọ Yorùbá tí ó fi ohùn rẹ̀ gbé ègbè orin náà. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀rọ, tí ó to ìlù orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó ṣètò bí ohùn yóò ṣe wọlé àti bí àwọn ohun èlò yóò ṣe fún ègbè láyè, orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Jesse Jagz ni. Ìlú Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1984, Jesse Garba Abaga sì ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń pe ìró àti bùbá olékú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í ṣe Yorùbá ló ṣe ìlù tí ó tún gbé e dé etí àwọn ọmọ ilé-ìwé káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ìwé ìròyìn Yorùbá kò gbọdọ̀ ṣaláì fi ìlà kan ṣoṣo dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́lá.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, mo sì ní ìdí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ti ṣòwò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí á tó kó wá sí Àbújá. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mo ti kọ́ dùùrù títẹ̀, níbi tí ìsìn Yorùbá ti máa ń parí kí ti Haúsá tó bẹ̀rẹ̀, tí atẹdùùrù kan náà á sì jókòó fún méjèèjì. Ẹni tó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kì í yà á lẹ́nu bí ọwọ́ kan bá lè ṣe orin oríṣiríṣi. Lónìí, mo ní sitúdíò kékeré kan. Yàrá kan ṣoṣo ni, fóòmù ibùsùn ni mo fi bo ògiri rẹ̀, bí wọ́n bá sì mú iná lọ, ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò ni mo máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ kí ariwo rẹ̀ má baà wọ inú máíkì. Mo ń ṣe orin níbẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin, fún àwọn tó ń ṣeré níbi ìgbéyàwó àti fún àwọn ọmọ tó ń ṣe hip-hop. Kí ẹ má baà rò pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn ló ń tojú bọ̀ ọ́ ni mo ṣe sọ èyí.

Mo ti ronú sí ohun tó ń fa ìgbàgbé yìí, mo sì rí i pé èdè wa gan-an ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá béèrè pé, "Ta ló kọ orin yìí?", a kò lè mọ̀ bóyá ẹni tí ó fi ẹnu kọ ọ́ ni oníbéèrè ń wá, tàbí ẹni tí ó mú bírò tí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Kíkọ ni à ń kọ orin, kíkọ náà ni à ń kọ ìwé, ohùn kan náà ni a sì fi ń pe méjèèjì. Nítorí náà, orúkọ ẹni tí a rí nínú fídíò ni gbogbo wa máa ń fi dáhùn. Láyé ìgbà tí onísákárà tàbí ọ̀gá ẹgbẹ́ jùjú ń ronú orin fúnra rẹ̀, tí ó ń dá a, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbè é, ìdáhùn yẹn kò burú, nítorí pé ẹnì kan náà ló ń ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú sitúdíò òde òní, ẹnì kan lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn fi ohùn sí i, kí ẹni kẹta to ìlù rẹ̀, kí ẹni kẹrin sì máa wọn gbogbo ohùn náà títí wọn yóò fi dọ́gba. Ẹni tó kọ ọ́ wá di ẹni mélòó?

Ní ti púródúsà, ẹni tó ń to ìlù tó sì ń ṣètò orin nínú sitúdíò, a tilẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ kan nílẹ̀ fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ rédíò wa ti ń pè é ní olóòtú láti ọjọ́ pípẹ́: olóòtú ètò ni ẹni tí a lè má gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n tí ètò kò lè jáde láìsí i. Orúkọ iṣẹ́ tiyín náà nìyẹn. Mo gbà pé ohun tí mò ń sọ yé ẹ̀yin ju ẹlòmíràn lọ.

Kí n padà sórí Jesse Jagz. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni M.I, olórin ráàpù tí ó gbé àwo rẹ̀ tí ń jẹ́ Talk About It jáde ní ọdún 2008 lábẹ́ Chocolate City, ilé-iṣẹ́ orin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àbújá níhìn-ín ní ọdún 2005. Ọwọ́ Jesse wà nínú àwo náà. Mo rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín àwa tí à ń ṣe orin ní Jọ́ọ̀sì ṣáájú ìgbà yẹn: ẹni tó bá fẹ́ kí orin rẹ̀ di gbígbọ́, wọ́n á ní kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ lọ sí Èkó. Èkó náà ni àwọn wọ̀nyí padà lọ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ iṣẹ́ kí wọ́n tó lọ, ohùn tí wọ́n sì gbé lọ kì í ṣe ohùn Èkó.

Ní ọdún 2010 tí Oleku gba ìgboro náà ni Jesse gbé àwo tirẹ̀ jáde. Jagz of All Tradez ni ó pè é, ó sì fi orúkọ yẹn sọ irú ẹni tí òun jẹ́, ẹni tí kò sí iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ń ráàpù, ó ń kọrin, ó sì ń to ìlù fún ara rẹ̀ àti fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ó di ọdún 2013, ó kúrò ní Chocolate City, ó sì gbé Jagz Nation ìpín kìíní jáde, nínú èyí tí ó gbára lé rẹ́gẹ̀ àti dáńsì-họ́ọ̀lù gan-an. Mi ò ní purọ́ fún yín, àwo yẹn gùn létí mi, àwọn ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tí mo máa ń fò. Àmọ́ kò ju ọdún kan lọ tí ó fi tún gbé ìpín kejì jáde, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Royal Niger Company, ráàpù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì wúwo ju ìlù lọ. Ilé-iṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó dá ìjọba Àríwá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1900 ni ó fi sọ àwo náà lórúkọ, èrò ọmọ Àríwá tó ka ìtàn nìyẹn. Ní ọdún 2015, ó padà sí ilé-iṣẹ́ tí ó ti kúrò.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó ṣòro nínú kí ènìyàn ṣe rẹ́gẹ̀ lónìí, kí ó ṣe hip-hop lọ́la. Ó ṣòro gan-an ni. Nínú hip-hop, bí a bá ń ka ìlù ní ìdá mẹ́rin mẹ́rin, ìlù ńlá ló sábà máa ń ṣí ọ̀nà ní ìdá kìíní, tí ìlù kékeré á dáhùn ní ìdá kejì àti ìkẹrin. Nínú rẹ́gẹ̀ ti ìbílẹ̀ Jàmáíkà, wọ́n lè fo ìdá kìíní yẹn pátápátá, kí wọ́n wá tẹ ìlù mọ́ ìdá kẹta, nígbà tí gìtá ń já wọlé láàárín ìdá kan sí èkejì bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ ni orin náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ hip-hop, yóò fẹ́ dí àlàfo yẹn, bí ó bá sì dí i, rẹ́gẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ti jùjú tún yàtọ̀, nítorí níbẹ̀, gìtá mẹ́ta lè máa sọ ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra lẹ́ẹ̀kan náà, kí gángan sì máa dá wọn lóhùn. Púródúsà tó ń rìn láàárín àwọn ilé wọ̀nyí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọn kì í ṣe nínú ilé kọ̀ọ̀kan.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé orin ìdúpẹ́ kan wá bá mi. Ìlù hip-hop ni ó fẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí gángan máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Mo ti to ìlù sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kí bàbá onílù tó dé láti Nyanya. Nígbà tí bàbá dé, tí ó yọ ìlù nínú àpò, tí ó fi ọ̀pá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo mọ̀ pé a ti wọ gàù. Ọyẹ́ ti gbẹ awọ náà, ó ti fà á le koko, ohùn ìlù ti gòkè kọjá ibi tí dùùrù mi wà. Bàbá na ìlù sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra awọ rẹ̀, kò rọ̀ tó. Mi ò lè sọ fún awọ ẹran pé kí ó wá bá kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ni mo yí sókè, mo sì bẹ ọmọkùnrin náà pé kí ó gbé ohùn sókè díẹ̀ sí i, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrùn rẹ̀ ń yọ iṣan.

Èyí tó le jù ṣì wà níwájú. A máa ń fi ìró kan sí etí ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́, kí ó lè mọ bí orin ṣe ń yára tó. Bàbá onílù gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú kan, ó bọ́ nǹkan etí náà kúrò, ó gbé e lé orí tábìlì, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ń kan ìṣó sí mi létí?" Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Mo pa ìró náà. Mo ní kí Bàbá lu ìlù náà bí ó ṣe wà nínú wọn, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà nìkan ni kí wọ́n máa gbọ́. Wọ́n lù ú láìdúró títí ó fi parí, mo sì lo alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn náà láti gé ìlù hip-hop mi, kí n tún un tò tẹ̀lé ẹsẹ̀ wọn, nítorí pé níbi tí wọ́n ti fẹ́ tẹnu mọ́ oríkì, wọ́n fà á, níbi tí inú wọn ti dùn, wọ́n sáré. Bí ẹ bá gbọ́ orin yẹn lónìí, ẹ ó rò pé orí ìlù mi ni bàbá lù sí. Orúkọ ọmọkùnrin náà nìkan ló wà lórí rẹ̀, àfi ìgbà tí mo bẹ̀ ẹ́ kí ó tó fi ti bàbá kún un.

Iṣẹ́ tí mo ṣe ní alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni ọmọ Jọ́ọ̀sì mìíràn ti ń ṣe láti nǹkan bí ogún ọdún, tí ó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ fíìfíì. Cobhams Asuquo ni mò ń wí. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí òun náà sí, ní ọdún 1981, kò sì ríran láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó kí ó tó fi í sílẹ̀ gbá orin mú. Ní nǹkan bí ọdún 2004 ni wọ́n mú un mọ Aṣa, akọrin obìnrin, iṣẹ́ tí wọ́n sì jọ ṣe ló bí àwo tó jáde ní ọdún 2007, tí orúkọ Aṣa fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀, èyí tí ó gba ẹ̀bùn Prix Constantin ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2008. Nínú àwo yẹn ni Eye Adaba wà. Kò sí ilé Yorùbá tí mo mọ̀ ní Kúbwà tí wọn kò ti mọ orin náà, ìyá ẹlẹ́kọ pàápàá mọ̀ ọ́n. Mo bi í pé ṣé ó ti gbọ́ orúkọ Cobhams rí. Ó ní, "Ṣé orúkọ oògùn ni?"

Ẹ wo bí ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí ṣe gbòòrò tó. Ohùn tó yíká Aṣa fara mọ́ gìtá àti orin ọkàn, ó tutù, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀. Ó tún ṣe àwo Super Sun fún akọrin tí ń jẹ́ Bez, tó jáde ní ọdún 2011. Nígbà tí ó di ọdún 2014, ó gbé àwo tirẹ̀, For You, jáde, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ kọ ọ́. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní dùùrù pé kí wọ́n gbọ́ bí kò ṣe kánjú. Púródúsà mìíràn, bí ó bá ti ní ohun èlò ogún, yóò fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dún.

Ohun kan wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lè má kíyè sí. Èdè wa ń lọ sókè sódò, orin náà ń lọ sókè sódò, bí àwọn méjèèjì bá sì kọ ẹ̀yìn síra, ọ̀rọ̀ á dojú rú. Ọkọ tí obìnrin fẹ́ lè di ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ó sì lè di ọkọ́ tí à ń fi roko, kí akọrin tó mí èémí kan. Àwa tí a dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí a ti kọ àwọn orin ìsìn tí wọ́n kó ohùn rẹ̀ wá láti òkè òkun, tí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè fi etí lásán mọ ohun tí a ń sọ. Púródúsà tí kò gbọ́ Yorùbá, tí ó sì fẹ́ ṣe orin Yorùbá, gbọ́dọ̀ ní sùúrù láti bi akọrin léèrè, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣáájú kí dùùrù tẹ̀lé e. Àwọn orin Yorùbá tó wà nínú àwo Aṣa yẹn, kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dojú rú létí mi.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé ọmọ Jọ́ọ̀sì nìkan ni mò ń polongo, ẹ jẹ́ kí n mú ti ilé wa wá. Láolú Akins ló ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ BLO, tí àwo wọn Chapter One jáde ní ọdún 1973. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń ṣe, pẹ̀lú gìtá tí ń bú ramúramù. Ẹni yìí kan náà ni púródúsà àwo Ace tí Ṣínà Peters gbé jáde ní ọdún 1989, àwo tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi jó títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ó sì sọ jùjú di ohun tuntun létí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà. Mélòó nínú àwọn tó jó sí i ló mọ̀ pé onílù rọ́ọ̀kì ló wà nídìí rẹ̀? Bàbá mi mọ̀, nítorí pé ó máa ń ka ẹ̀yìn páálí rẹ́kọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń ka Bíbélì. Gbogbo orúkọ máa ń wà níbẹ̀ nígbà náà, ti onígìtá, ti ẹlẹ́gbè, ti púródúsà, ti ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ pàápàá. Síídì ayédèrú dé, ó bọ́ páálí náà sọnù. Fóònù wá dé, ó sì fi àwòrán kékeré kan àti orúkọ ẹnì kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí èyí tó kù gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò tẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi náà wà lára ohun tó ń dùn mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ronú orin kan fún akọrin kan ní Àbújá yìí, ohùn rẹ̀ àti ègbè rẹ̀, mo sì to ìlù rẹ̀. Ó san owó iṣẹ́ sitúdíò fún mi, a kò sì kọ nǹkan kan sínú ìwé. Níbi ìgbéyàwó kan ní Gwarinpa, èmi ni mo tẹ dùùrù fún ìsìn àárọ̀, mo sì dúró jẹun. Alága ìjókòó gba máíkì, ó ní kí gbogbo wa dìde jó sí orin tí akọrin náà "fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ". Mo dìde, mo jó. Nígbà tí mo délé, mo wò ó lórí fóònù: níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó kọ orin sí, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní ni ohùn ara mi tí mo gbà sílẹ̀ lórí fóònù lóru ọjọ́ tí orin náà wá sí mi lọ́kàn, tí ajá aládùúgbò ń gbó lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí a ti parí rẹ̀ láàárín ara wa, ẹ̀bi náà sì wà lọ́rùn mi pé mi ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà náà ni mo tó lọ bi agbẹjọ́rò kan ní ìjọ wa léèrè. Ó yé mi pé nǹkan méjì ni òfin rí níbi tí àwa ti ń rí orin kan. Àkọ́kọ́ ni orin fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, tí ó jẹ́ ti ẹni tó ronú rẹ̀. Èkejì ni ohùn tí a gbà sílẹ̀, tí ó lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́-ọnà ní Nàìjíríà, èyí tí a ń pè ní ti ọdún 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, fi ẹ̀tọ́ ẹni tó ronú orin sílẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ti ohùn tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ 50 ọdún. Kò di dandan kí ènìyàn forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ̀tọ́ náà tó dé, ṣùgbọ́n àjọ tó ń bójú tó o ní olú iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Àbújá yìí, ẹni tó bá sì fẹ́ lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé òfin náà fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí wọ́n dárúkọ òun sí i. Ẹ̀tọ́ yẹn dá dúró lọ́tọ̀, kì í ṣe ti owó. Ní ti owó, orúkọ ló ń tẹ̀lé: àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rédíò àti òtẹ́ẹ̀lì kò lè fún ẹni tí wọn kò mọ̀ ní kọ́bọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní àwọn púródúsà òde òní kò nílò ìrànlọ́wọ́ ìwé ìròyìn, wọ́n ti ń fi ohùn pariwo orúkọ ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ orin. Òótọ́ ni, ó sì máa ń bí mi nínú, pàápàá nínú orin ìyìn tí ènìyàn fẹ́ fi gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń pè lórúkọ kì í pariwo orúkọ ara rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ìwé ìròyìn kò ní àyè tó. Àkójọ yín ní àyè fún àwọ̀ aṣọ tí akọrin kan wọ̀ sí òde.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Nígbà tí akọ̀ròyìn yín bá jókòó ti akọrin, kí ó fi ìbéèrè méjì kún èyí tí ó ti ní tẹ́lẹ̀: ta ló ronú ọ̀rọ̀ orin náà, ta sì ni olóòtú rẹ̀ nínú sitúdíò? Bí akọrin bá dáhùn pé òun ni, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣe é fúnra wọn, ó sì yẹ kí wọ́n gba iyì ìlọ́po méjì. Bí ó bá dárúkọ ẹlòmíràn, kí wọ́n kọ ìyẹn. Bí ó bá sì ń yí ọ̀rọ̀ po, àwa òǹkàwé á mọ ohun tí a ó rò. Inú mi yóò tún dùn bí ẹ bá lè fi ojú ewé kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ, kí ẹ má sì dúró ní Èkó àti Ìbàdàn nìkan. Sitúdíò pọ̀ ní Jọ́ọ̀sì, ní Kàdúná, ní Ìlọrin àti níhìn-ín, ọmọ Yorùbá sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ lè ti orí àkójọ oṣù tó kọjá bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tún un tẹ̀, kí ìlà kẹrin kà báyìí: Oleku, 2010, ohùn Ice Prince àti Brymo, olóòtú Jesse Jagz. Mo ti fi bírò kọ ọ́ sínú ẹ̀dà ti ìyá ẹlẹ́kọ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Atẹdùùrù kan,
Kúbwà, Àbújá.